Abìyẹ́ Tó Dúró Lẹ́yìn Àlàbá

Omi tó pa Àlàbá kò mu àgbàlagbà dé orúnkún. Ohun tó kọ́kọ́ rú gbogbo ará Ìkirè lójú nìyẹn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ru agbọ̀n kòkó tútù láti oko, ó gun orí ìtì igi tí wọ́n fi ṣe afárá sórí odò, afárá tí gbogbo ilé wọn ń gbà lójoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ afárá yẹn ni wọ́n ti bá a, ó dojú bolẹ̀ nínú omi tí pẹ́pẹ́yẹ ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ṣubú. Ọdún kejì tí ogun Hítílà parí ni, ìgbà tí kòkó ń wọlé, tí gbogbo ọwọ́ tó lè gbé agbọ̀n wà lóko.

Àlàbá nìkan ló kù fún Jemima, ìyá rẹ̀. Ìbejì ló kọ́kọ́ bí, wọ́n kú. Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, òun náà kú. Àlàbá wá dúró. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀: bó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé á dìde. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé e délé tí omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò kò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n béèrè pé ta ni. Ẹni tó bá sì ti ń béèrè pé ta ni, ó ti mọ ilé tó fẹ́ kàn. Ojú wọn lọ sọ́dọ̀ Susannah.

Susannah ni ìyàwó Ọládipọ̀, Ọládipọ̀ sì ni àbúrò Olúsànyà, baba Àlàbá. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, oko kòkó kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ ìjọ C.M.S. ni wọ́n láti ayé baba wọn, Olúsànyà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka Bíbélì sí ìjọ létí lọ́jọ́ Ìsinmi. Àpòmù ni wọ́n ti fẹ́ Susannah wá, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé ìsìn kékeré tí Tíṣà Titus ń bójú tó nígbà tí Fádà kò bá sí nílé. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti dé ilé ọkọ. Ó ti bí Edith, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì fi ìwà Àgùdà kan sílẹ̀ ní Àpòmù. Èyí tó ya àwọn ará ilé lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ti áńgẹ́lì.

Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò sí ẹ̀dá kan tí Ọlọ́run kò fi áńgẹ́lì olùṣọ́ kan tì láti ọjọ́ ìbí títí dọjọ́ ikú, tirẹ̀ ni, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Susannah kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sún, á fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá tẹ́ ẹní fún Edith, á tẹ́ ẹ fún ẹni méjì. Láàárọ̀, kó tó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, á ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ti kí ẹni tí ojú kò rí. Bó bá dé ibi afárá odò, á dúró díẹ̀ kí ẹnì kejì rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ká ní ìyàwó àbúrò yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa sọ?

Àwọn náà sọ ọ́. Wọ́n bi í nígbà kan pé báwo ni ẹni tó ń kí yìí ṣe rí, òun náà, tí kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú un, dá wọn lóhùn pé ó ní ìyẹ́ apá méjì. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti mú un. Ní ilẹ̀ yìí, obìnrin tí abìyẹ́ bá ń bá rìn, tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, a kì í pe ìyẹn ní oníwà-bí-Ọlọ́run.

Sàlámọ̀tù nìkan ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmàle ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, dòdò Ìkirè ló ń dín tà káàkiri ọjà. Ó ní àwọn náà ní màlékà, méjì sì ni tàwọn, ọ̀kan léjìká ọ̀tún, ọ̀kan léjìká òsì, wọ́n ń kọ gbogbo ìwà ẹni sílẹ̀. Ó ní bí ẹni tó ní ẹyọ kan bá jẹ́ àjẹ́, kí ni wọ́n máa wá pe òun? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ̀yìn.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú agbo ilé ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì náà, Jemima fúnra rẹ̀ ni. Lọ́dún tó ṣáájú ikú Àlàbá, ibà dá ọmọ náà wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ wálẹ̀, Jemima wọ yàrá Susannah, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kó fi àwòrán tó máa ń wò han òun. Àwòrán kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Fádà ló fún Susannah lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba Kòmúníọ̀n. Ọmọ méjì ń kọjá lórí afárá tí pákó rẹ̀ ti já, omi ń ru lábẹ́ wọn, áńgẹ́lì gíga kan tó na ìyẹ́ méjèèjì dúró lẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ sórí wọn. Jemima wò ó títí.

"Ìyàwó," ó ní, "fún mi ní tìrẹ yìí. Ìwọ lágbára àdúrà, o lè rí òmíràn. Àlàbá nìkan ni mo ní."

Susannah kò ní ohun mìíràn tó mú wá láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un. Jemima wá bẹ̀ ẹ́ pé kí Olúsànyà má gbọ́ ọ sétí, torí ó ti búra pé àwòrán Àgùdà kò ní wọ yàrá òun láyé òun. Susannah ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo Jemima bí ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Àlàbá, Olúsànyà ní kí wọ́n lọ jó ẹní tí ọmọ náà ń sùn lé. Òun fúnra rẹ̀ ló ká a. Ó rí ohun kan lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e jáde sí àárín àgbàlá níbi tí àwọn abánikẹ́dùn jókòó sí. Àwòrán náà ni, aṣọ dúdú kan wà tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Wọ́n rí afárá tó já. Wọ́n rí omi. Wọ́n rí ọmọ lórí afárá, wọ́n sì rí abìyẹ́ tó dúró lẹ́yìn wọn, tó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn bí ẹni tó fẹ́ tì wọ́n.

Olúsànyà béèrè pé ta ló gbé e sábẹ́ ọmọ òun. Jemima wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Susannah ni," ó ní. "Èmi kò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀."

Susannah rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó dìde. "Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"N kò mọ ohun tó ń sọ," Jemima dáhùn, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ta ló máa gbà á gbọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìyá tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún ló ń sọ tẹnu rẹ̀, ẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ń sọ tirẹ̀. Susannah yíjú sí ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun dá sí i. Ọládipọ̀ ń fi èékánná yọ ìdọ̀tí lára tábìlì, kò gbójú sókè.

Ẹbí pàdé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Orílẹ̀-Òwu tó máa ń gún èèpo igi kan sínú omi fún ẹni tí wọ́n bá fura sí. Bí ẹni náà bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá bì í, èèpo náà á pa á, ẹjọ́ sì parí. Olúsànyà kì í ṣe òṣìkà. Ó fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: bí Susannah bá ń bẹ̀rù omi náà, kó kọjá sí Àpòmù lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní lé e.

"Ṣùgbọ́n Edith ọmọ wa ni," ó ní. "Àjẹ́ kò ní tọ́ ọmọ wa."

Bí wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bó bá lọ, ó pàdánù ọmọ. Bó bá dúró, èèpo igi ló kù. Susannah ní òun á mu ún. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ọkùnrin Orílẹ̀-Òwu náà tó dé.

Lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́fà náà ó bá Jemima nídìí àmù omi, àwọn méjì nìkan. Kò bínú nígbà náà, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó bi í pé kí ni òun ṣe é.

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan," Jemima wí. "Ọmọ tìrẹ wà láàyè." Ó bu omi rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ará ilé kò wá fọn iná lọ́dọ̀ Susannah mọ́. Bí Edith bá sún mọ́ àwọn ọmọ, ìyá wọn á pè wọ́n wọlé. Lékeléke kan wá ń bà sórí ẹní tí wọ́n sá kòkó sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Bó bá ṣe pé iwájú ilé ẹlòmíràn ló bà sí, wọn ì bá ní kòkòrò ló wá jẹ. Wọ́n sọ òkúta sí i, ó fò sókè, ó tún padà, obìnrin kan sì sọ ọ́ sókè kí Susannah gbọ́ pé ará ilé wá kí ará ilé. Wọ́n lo gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lórí ẹyẹ kan, wọ́n sì jẹ́ kí kòkó hu èbù.

Ohun tó ń gbé Susannah ró ni ọkọ rẹ̀. Bí ó bá bá a sọ̀rọ̀, Ọládipọ̀ á ní kó ní sùúrù, òun ń bá wọn sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, bí àwọn ẹyẹ ṣe ń wọ́ lọ sórí igi, Susannah rí i lẹ́yìn àká kòkó, òun àti Jemima, wọ́n dúró súnmọ́ra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Jemima ń na ìka. Ọládipọ̀ ń mi orí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọkàn Susannah balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ẹ wo ọkọ òun bó ṣe ń fi orí balẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí òun. Ó gún iyán fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Áńgẹ́lì ni kò sọ nǹkan kan. Susannah ti gbàdúrà sí i títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò béèrè pé kó fi idà jà fún òun bíi ti Máíkẹ́lì, ó kàn fẹ́ kó fi ẹnì kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí hàn. Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún ń lọ tí kò rí ẹnì kankan, inú bí i. Ó jókòó sí àárín bẹ́ǹṣì gan-an, ó ya ẹsẹ̀, kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwọn tó yẹ kó ṣọ́ni ló ń tani nù báyìí, kí oníkálukú máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Kò mọ ohun tí Sàlámọ̀tù ní lọ́kàn. Ọjọ́ kẹfà bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àpòmù. Sàlámọ̀tù gbé igbá dòdò rẹ̀ jáde ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jà. Ilé Tíṣà Titus ló gbà lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fọ́ kòkó tirẹ̀, ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Titus fọ ọwọ́, ó mú ìwé àdúrà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi ẹsẹ̀ kàn án sí Ìkirè.

Ọkùnrin Orílẹ̀-Òwu ti parí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Omi náà pupa nínú igbá, igbá sì ti wà lọ́wọ́ Susannah. Ó kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, Edith ń ké nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ọládipọ̀ jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, kò jìnnà ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún lọ.

Titus kò kígbe. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Olúsànyà, ó ní kó jọ̀wọ́ kí òun sọ̀rọ̀ kí ọmọ ìjọ òun tó mu omi. Ó ṣí ìwé àdúrà rẹ̀, ó yọ àwòrán kan, ó fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí tábìlì. Afárá kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni, abìyẹ́ kan náà ni.

"Ẹ̀rọ òyìnbó ló ń tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Gbogbo ọmọ tó bá gba Kòmúníọ̀n lọ́dọ̀ wa ni Fádà ń fún. Áńgẹ́lì olùṣọ́ ni. Kì í ṣe pé ó ń tì wọ́n, ó ń dì wọ́n mú ni. Bó bá jẹ́ pé ó ń pa ọmọ, ì bá má sí ọmọ ní Àpòmù mọ́."

Ariwo kékeré bẹ́ láàárín àwọn ènìyàn. Olúsànyà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ẹni tó gbé e sábẹ́ ọmọ òun. Ọkùnrin Orílẹ̀-Òwu na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fi han òun. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ó yí i padà, ó béèrè pé kí ni aṣọ dúdú ń bò lẹ́yìn rẹ̀. Titus sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa.

"Mo mọ àwòrán yìí," ó ní. "Mo kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú aṣọ yẹn."

Jemima dìde pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀bẹ ọkùnrin náà ti já òwú. Olúsànyà tó mọ̀wé ló gbà á, òun fúnra rẹ̀ ló kà á sókè kí ó tó mọ ohun tó ń kà: Àlàbá, ọmọ Jemima, ní Ìkirè. Kí áńgẹ́lì olùṣọ́ rẹ̀ má fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 1946.

"Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn áńgẹ́lì olùṣọ́ ni," Titus ṣàlàyé. "Lọ́jọ́ náà la máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sẹ́yìn àwòrán wọn. Ìyá Àlàbá fúnra wọn ló gbé e wá bá mi."

Jemima jókòó lulẹ̀. Ó ń wo Olúsànyà. Ó ní ẹ̀rù rẹ̀ ló ba òun. Ó ní nígbà tó gbé àwòrán náà jáde, orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí òun lẹ́nu lòun dá, nígbà tí òun sì ti dá a, òun kò mọ bí òun ṣe máa gbà á padà. Ó ní òun ló rán ọmọ náà lọ sóko lọ́jọ́ yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

Susannah gbé igbá náà sílẹ̀. Ayọ̀ ń gùn ún láti inú wá. Ó wo ọkọ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ yọ̀.

Titus kò tíì parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i padà lọ́la. "Mo sì ní ẹlẹ́rìí," ó ní. "Ọládipọ̀ yìí ló fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn wá. Òun ló bá mi di ìgò tàdáwà mú nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Ọládipọ̀. Sàlámọ̀tù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Háà, Bàbá Edith!"

Olúsànyà bi àbúrò rẹ̀, Ọládipọ̀ sì jẹ́wọ́. Ìtì igi orí odò ni. Olúsànyà ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta kí òjò tó dé pé kó gé igi tuntun, kó fi rọ́pò èyí tó ti rà. Ó dáhùn pé òun ti ṣe é. Kò ṣe é, ó kàn fi àdá ha ewédò orí rẹ̀ kúrò ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ kú, ó lọ ti ìtì igi àtijọ́ náà sómi, ó sì gbé tuntun sí i kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Jemima mọ̀, torí ó rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn àká kòkó lọ́jọ́ náà, Jemima ní bó bá sọ ti àwòrán, òun á sọ ti igi. Bí àjẹ́ bá ti pa ọmọ, ta ló tún máa béèrè igi?

Olúsànyà gbọ́ ọ tán. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì yíjú sí Susannah tó ṣì kúnlẹ̀. Ó ní kó dìde, ó ní ẹ̀bi òun ni. Ó ní bó bá fẹ́ lọ, kó mú ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò ní bi í. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin Orílẹ̀-Òwu da omi rẹ̀ sídìí ògiri, ó ń béèrè bóyá oúnjẹ wà nílé yìí, torí òun kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Susannah mọ òwe náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti rò pé Jemima ni ikú ilé tirẹ̀. Ti Jemima kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú lè sọ ohunkóhun. Ó wọ yàrá, ó tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó ń kó aṣọ tirẹ̀ àti ti Edith sínú rẹ̀. Ìyá Sùlè, ìyẹn Sàlámọ̀tù, dúró dè é níta láti bá a ru ẹrù. Ọládipọ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Edith, ọ̀rọ̀ ti parí," ó ní. "Wọ́n ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Jọ̀wọ́."

Susannah ń di ìborùn náà. "Ká ní Tíṣà kò dé lónìí ńkọ́?"

"Ǹ bá sọ ọ́. Mi ò ní jẹ́ kí o mu ún. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ látàárọ̀."

Susannah dúró. Ohùn rẹ̀ kò ga, ẹni tó wà ní yàrá kejì kò lè gbọ́ ọ. "Nígbà tí igbá dé ọwọ́ mi, Bàbá Edith, tí mo gbé e dé ẹnu, níbo lẹ wò?"

Edith ti wá di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Ilẹ̀ ni mo wò," Ọládipọ̀ ní.

Susannah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò purọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀.